Ẹ̀KỌ́ 14: Sípánà oníbátìrì: kí ni èrè rẹ̀, kí ni ewu rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ òní dá lórí irinṣẹ́ kan tí ó ti ń wọ gáráàjì wa díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ń bú u. Ẹ jẹ́ kí a kà á papọ̀, kí oníkálukú mọ ohun tí ó máa ṣe kí ó tó náwó.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò bá pàdé

Nọ́ọ̀tì: irin oníhò tí à ń yí mọ́ bóòtì lára.
Dúì: ife irin kékeré tí à ń fi bo orí nọ́ọ̀tì kí a tó yí i.
Bátìrì: ohun tí kúráǹ ń gbé inú rẹ̀.
Ṣájà: ohun tí à ń fi fi kúráǹ sínú bátìrì.
Bùjí: ohun tí ń ṣá iná nínú ẹ́ńjìnnì.

1. Irú irinṣẹ́ wo ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a ti mọ̀. Sípánà lásán, èyí tí àwọn kan ń pè ní kìlé, bí a bá fi yí nọ́ọ̀tì díẹ̀, a ní láti yọ ọ́, kí a tún un fi bọ nọ́ọ̀tì, kí a tó tún yí i.

Sípánà eléyín kò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ó ní eyín wà nínú orí rẹ̀. Irin kan sì wà tí ó ń há mọ́ eyín náà. Bí a bá fà á síwájú, irin náà há, nọ́ọ̀tì yí. Bí a bá dá a padà, irin náà ń fò lórí eyín, ó ń dún kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́, nọ́ọ̀tì kò sì yí padà. Nítorí náà a kì í yọ ọ́ kí iṣẹ́ tó parí. Ní ọdún 1863, ní Amẹ́ríkà, J. J. Richardson gba ìwé àṣẹ lórí sípánà eléyín tí a lè pààrọ̀ dúì lórí rẹ̀. Irinṣẹ́ àtijọ́ ni, kì í ṣe ti àná.

Sípánà oníbátìrì jẹ́ ọmọ ìyá sípánà eléyín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú èèkù rẹ̀, bátìrì sì wà ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, orí rẹ̀ á máa yí fúnra rẹ̀. Kò ní okùn. Ohun kékeré kan wà ní orí rẹ̀ tí à ń yí láti sọ fún un bóyá kí ó tú nọ́ọ̀tì tàbí kí ó mú un le. Púpọ̀ nínú wọn ń lo bátìrì 12 V tàbí 18 V.

2. Èrè rẹ̀

Àkọ́kọ́, ó yára. Bóòtì kan lè gùn tó ìka ọwọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tú u, ẹ óò fa sípánà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ yìí á tú u kí ẹ tó ka 10. Níbi tí bóòtì bá ti pọ̀, bíi abẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ìdérí jíà, ẹ óò rí ìyàtọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Èkejì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tóóró. Sípánà tí à ń fi ọwọ́ fà ń fẹ́ àyè tí apá yóò gbà lọ, gbà bọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò tuntun, àyè kò sí. Ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ kí apá lọ, kí ó bọ̀. Bí orí rẹ̀ bá ṣáà ti wọlé, ó tó.

Ẹ̀kẹta, ó ń sinmi ọwọ́. Ẹni tí ó ti ń fa sípánà láti òwúrọ̀ di alẹ́ mọ bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń ro.

Ẹ̀kẹrin, a lè gbé e lọ síbi tí mọ́tò kú sí. Irinṣẹ́ tí ń lo afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá àti rọ́bà gígùn, kò lè kúrò ní gáráàjì. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dúró ní ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ sí Parakou, ẹ lè gbé sípánà oníbátìrì sínú àpò, kí ẹ fi alùpùpù lọ bá a.

3. Ewu rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀

Níbí yìí ni kí a ti farabalẹ̀ kà. Ẹ̀rọ yìí ní agbára, ṣùgbọ́n kò ní ọgbọ́n. Kò mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti le tó.

Agbára tí à ń fi yí nọ́ọ̀tì ní ìwọ̀n. À ń kọ ọ́ báyìí: Nm. Ẹ fi ojú inú wò ó: bí a bá so ẹrù kílò 10 mọ́ ìparí ọ̀pá irin tí ó gùn ní mítà 1, agbára tí ẹrù náà fi ń yí nọ́ọ̀tì tí ó wà ní ìdí ọ̀pá súnmọ́ 100 Nm. Bí ó bá jẹ́ kílò 1, ó súnmọ́ 10 Nm.

Wàyí o, ẹ wo àwọn iye wọ̀nyí:

Bùjí alùpùpù kékeré: kì í sábà ju 20 Nm lọ.
Sípánà oníbátìrì tó wọ́pọ̀: láàrin 40 àti 80 Nm.
Nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò kékeré: láàrin 80 àti 120 Nm ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ẹ rí i báyìí? Agbára rẹ̀ pọ̀ jù fún bùjí, ó sì kéré jù fún táyà.

Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá fi í mú bùjí le, tí kò tètè gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì, eyín inú ihò bùjí á jẹ, nítorí irin rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀. Ẹni tó ni alùpùpù lè jẹ́ zémìjàn. Ọjọ́ tí alùpùpù rẹ̀ kò bá jáde, owó oúnjẹ ilé rẹ̀ kò wọlé. Ta ni yóò san owó àtúnṣe? Ọ̀gá gáráàjì ni.

Ti táyà tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ náà á yí nọ́ọ̀tì, yóò dúró, ọmọ iṣẹ́ á rò pé ó ti le. Kò tíì le tó. Mọ́tò á jáde pẹ̀lú ìyá àti ọmọ nínú rẹ̀. Bí ó bá ń sáré lọ, nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, táyà lè yọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀mí ènìyàn kò ní àtúnṣe.

Ewu mìíràn tún wà. Bí nọ́ọ̀tì bá le lójijì, ẹ̀rọ náà lè gbọn padà, kí ó há ìka yín mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Orí rẹ̀ sì sanra ju ti sípánà eléyín lásán lọ. Ibòmíràn wà tí kò lè wọ̀. Ó wọ́n. Bí bátìrì bá kú, tí kúráǹ kò sì sí, ẹrù lásán ni.

4. Báwo ni kí á ṣe lò ó?

Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Sípánà ọwọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ti bátìrì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ọwọ́, ẹ̀rọ, ọwọ́.

Bí ẹ bá ń tú: ẹ fi sípánà gígùn já agbára nọ́ọ̀tì náà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má fi sípánà oníbátìrì já nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Eyín inú rẹ̀ á fọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ti rọ̀, kí ẹ̀rọ tú ìyókù.

Bí ẹ bá ń dè é padà: ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ lè mọ̀ pé ó wọlé tààrà. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀rọ yí i dé ìdí. Ẹ gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì. Ẹ wá fi sípánà ọwọ́ mú un le. Bí ẹ bá ní sípánà tí ń wọn Nm, òun ni kí ẹ lò fún táyà. Bùjí ní tirẹ̀, ọwọ́ nìkan ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó pààrọ̀ dúì. Ẹ má wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi ẹ̀rọ yìí lé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ mọ bí nọ́ọ̀tì tó ti le ṣe ń rí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ kò ní kọ́ ọ.

5. Ẹ kà á kí ẹ tó rà á

Ibi tí ìwé kíkà ti ń gba owó là nìyí. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ àlòkù ń wọ Kùtọnu láti òkè òkun. Kúráǹ ilé wa jẹ́ 220 V. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 V. Bí ẹ bá ki ṣájà tí wọ́n ṣe fún 120 V nìkan bọ kúráǹ wa, ó lè jó lójú ẹsẹ̀.

Ẹ yí ṣájà náà sódì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí: INPUT tàbí ENTRÉE. Ẹ ka iye tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí 220-240 V tàbí 100-240 V, ó dára. Bí ẹ bá rí 120 V nìkan, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá bátìrì irú rẹ̀ ń tà nítòsí, nítorí bátìrì ń gbó kí ẹ̀rọ tó gbó.

Ní ti ìtọ́jú: ẹ má fi bátìrì sínú oòrùn. Ẹ má jẹ́ kí ó kan omi. Èyí tó bá wú tàbí tó fọ́, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má lu ú, ẹ má sì jù ú sínú iná, ó lè bú gbàù.

6. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò

Ẹ jẹ́ kí a mú iye kan fún àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ, bátìrì 2 àti ṣájà jẹ́ 90.000 fráǹkì. Èrè orí iṣẹ́ kékeré kan jẹ́ 1.500 fráǹkì.

90.000 ÷ 1.500 = 60

Iṣẹ́ 60 lórí èyí tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni yóò dá owó yín padà. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ 1 kún un lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 60 ni. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ 1 kún un lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 60 ni, ó ju ọdún kan lọ.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí oníbàárà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ óò tètè parí iṣẹ́, ẹ óò wá jókòó. Ìjókòó kì í di owó. Gáráàjì tí mọ́tò kún, kí ó rà á. Gáráàjì tí kò ní oníbàárà púpọ̀, tí kò sì tíì ní dúì tó pé, kí ó fi owó àjọ rẹ̀ ra dúì dáradára àti sípánà eléyín ná.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a kì í fi sípánà oníbátìrì mú bùjí le?
2. Kí ló dé tí kò tó fún nọ́ọ̀tì táyà?
3. Ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ọwọ́, ẹ̀rọ, ọwọ́.
4. Ẹ mú ṣájà kan wá sí kíláàsì, ti tẹlifóònù náà tó. Ẹ ka iye V tó wà lára rẹ̀ sókè.
5. Ẹ̀rọ kan jẹ́ 75.000 fráǹkì. Èrè iṣẹ́ kan jẹ́ 1.250 fráǹkì. Iṣẹ́ mélòó ni yóò dá owó náà padà?
6. Ẹ jọ sọ ọ́ láàrin ara yín: ní gáráàjì àdúgbò yín, ṣé ó yẹ kí wọ́n rà á?