Ìwé Àṣẹ Òṣìṣẹ́ Ìlera

Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ènìyàn bá dúró ní Ọjà Ọba ní Àdó-Èkìtì, tí ó ń wo àwọn aláṣọ funfun tí ń kọjá lọ pẹ̀lú àpò oògùn léjìká, kò sí ojú tí yóò fi ya ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta jókòó sẹ́nu ẹ̀kọ́ kúrò lára ẹni tí ó kàn bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta oògùn ní kẹ́míìsì fún oṣù díẹ̀; dókítà ni ará ilé aláìsàn yóò pe àwọn méjèèjì, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni wọn yóò sì fi ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lé kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ìjọba fi gbé ìwé àṣẹ kalẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbà á, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó yé òun pé nítorí aláìsàn ni a ṣe tẹ ìwé náà.

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ jáde, tàbí tí ẹ ń múra àtijáde, ní kọ́lẹ́jì ìmọ̀ ìlera tí ó wà ní Ìjerò-Èkìtì àti irú rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ẹ kọ́ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí gbogbo ayé ń pè ní CHEW. Iṣẹ́ yín kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975 ni ó bí i. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Alma-Ata ní 1978, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sì di mínísítà ìlera ní 1985, ó fìdí múlẹ̀ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ní 1992 ni òfin sì dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ yín sílẹ̀, tí ẹ̀yin ń pè ní Bọ́ọ̀dù. Àwọn ará Ghana ti bẹ̀rẹ̀ irú tiwọn ní Kintampo ní 1969, Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà sì ti ṣáájú wọn ní 1965, nígbà tí ó kó àwọn tí wọ́n ti ṣe ìtọ́jú aláìsàn nínú ọmọ ogun ojú omi jọ, tí ó sì sọ wọ́n di olùrànlọ́wọ́ dókítà. Ìdí kan náà ni níbi gbogbo: dókítà kò tó, àìsàn kò sì mọ bí a ti ń dúró de dókítà.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà tí ẹ ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni orúkọ yín ti ń lọ sí Bọ́ọ̀dù, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní índẹ́sì, bí a bá sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ ni yóò bá yín dé orí ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Yorùbá kan lè ní ojú mẹ́ta: Adéṣínà tí tíṣà kan kọ ní Adesina ni akọ̀wé mìíràn yóò kọ ní Adeshina, Olúwafúnmiláyọ̀ inú ìwé ìbí yóò di Fúnmiláyọ̀ lásán nínú ìwé WAEC, bàbá àgbà tí ó ń jẹ́ Fágbèmí kí ó tó gba ìgbàgbọ́ yóò sì fi àwọn ọmọ-ọmọ sílẹ̀, tí àwọn kan ń jẹ́ Fágbèmí, tí àwọn kan ń jẹ́ Olúgbèmí. Èmi kò bá ẹni tí ó yọ Ifá kúrò nínú orúkọ jà. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ó yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ́ àwọn ìwé yín sórí tábìlì, kí ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìbí pẹ̀lú. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ lọ búra nílé ẹjọ́ báyìí, kí ẹ sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Obìnrin tí ó bá ṣe ìgbéyàwó láàárín ìdánwò àti ìforúkọsílẹ̀, kí ó má ṣe gbàgbé èyí láé.

Lẹ́yìn ìdánwò ni ìdúró, ìdúró yìí sì ni ó ń mú kí àwọn agbódegbà rí jẹ. Wọn yóò ní àwọn mọ ẹnìkan ní Àbújá. Wọn yóò ní ẹ mú owó wá, ìwé yóò jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fúnra yín san owó tí Bọ́ọ̀dù ní kí ẹ san, ní ibi tí ó ní kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ní Èkìtì kete, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, níbi tí a ti ń fi ìwé yangàn bí àwọn ẹlòmíràn ti ń fi owó yangàn, ìtìjú ńlá ni kí a wá orúkọ ọmọ ẹni nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí a má rí i. Kí ìwé tó dé, ẹ má ṣe yá ṣọ́ọ̀bù sí Basiri tàbí Ajílòsùn ní Àdó. Ẹ lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó ti ní tirẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwé kan ń bá iṣẹ́ yín rìn, Standing Orders ni ẹ ń pè é, tí ó to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí ẹ óò bi aláìsàn, ohun tí ẹ óò wò lára rẹ̀, oògùn tí ẹ lè fún un àti ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ti dúró. Ibi tí ọwọ́ ti ń dúró yìí ni ó ń ṣòro fún ọ̀pọ̀. Ará abúlé yóò ti pè yín ní dókítà títí ẹ̀yin náà yóò fi gbà á gbọ́, tí yóò fi wá dà bí àbùkù lójú yín láti kọ lẹ́tà kí ẹ fi aláìsàn ṣọwọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní Àdó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tí gìrì mú tí kò sì lè mu ọmú, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lẹ́yìn ìbímọ: ẹ ṣe ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tí ìwé ní kí ẹ ṣe, kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Ti ẹni tí ń fi abẹ ya ikùn ènìyàn nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ìwé àṣẹ CHEW kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń wo òkè òkun, n kò sì bá wọn wí, nítorí àwọn ọmọ Èkìtì ń gúnyán ní Houston, wọ́n sì ń gún un ní Maryland. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ Nàìjíríà kò lè ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà níbẹ̀. Kódà ẹni tí ó jẹ́ dókítà gidi ní Àdó kò ní àyè láti jókòó ṣe ìdánwò wọn tí a ń pè ní PANCE, tí ó jẹ́ ìbéèrè 300, àfi bí ó bá kọ́kọ́ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ wọn fọwọ́ sí fún iṣẹ́ náà. Bí ó bá sì yege tán, ìpínlẹ̀ tí ó fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ni yóò kọ̀wé sí, nítorí Texas ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, Maryland sì ní tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù ibẹ̀ a máa béèrè bóyá ọlọ́pàá ti mú ọ rí, bóyá ìgbìmọ̀ kan ti jẹ ọ́ níyà rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá: ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí a jẹ́wọ́ a máa rí ojú àánú níbi tí èyí tí a fi pamọ́ ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe ti ilé tàbí ti òkun, ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, ẹ̀kọ́ àfikún ni a sì fi ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ní Amẹ́ríkà, kírẹ́dítì ẹ̀kọ́ 100 ni àjọ tí ń ṣe ìdánwò PANCE ń béèrè lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà láàárín ọdún méjì méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà bá yín lójijì. Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ gbé kọ́ ògiri, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí aláìsàn tí ó mọ̀wé lè ka orúkọ àti ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀ fún èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Ojúlówó rẹ̀, kí ó wà nínú àpótí nílé, níbi tí òjò kò lè dé.