MỌ ÀRÙN KÍ O TÓ RA OÒGÙN

KÓKÓ LÁTI FI SỌ́KÀN: Páàtì tuntun kì í wo àrùn tí a kò tíì mọ̀.

Olùfẹ́ ọ̀wọ́n, bí ọkọ̀ rẹ bá ti ń dàgbà, ó ṣeé ṣe kí o ti bá ìṣòro yìí pàdé. Ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n nígbà tí o bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí o bá tẹná mọ́ ọn, yóò máa ta gìdì dípò kó sáré. Sàlẹ́ńsà kò ní dún déédéé mọ́, òórùn bẹntiróò yóò sì máa jáde níbẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé ọkọ̀ náà ń ṣe mísìfáyà.

Kí ló fà á? Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, sílíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tanná nígbà tó bá kàn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 700 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan yóò tanná nígbà 350. Bí ọ̀kan bá ń pa ìgbà tirẹ̀ jẹ, àwọn mẹ́ta yòókù ni yóò máa ru ẹrù rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ya tírélà sílẹ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àdúrà ìrìn-àjò tí à ń gbà ní òwúrọ̀ dára, ṣùgbọ́n yíyẹ ọkọ̀ wò jẹ́ iṣẹ́ tiwa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ sí Ládipọ̀. Lónìí wọ́n ra púlọ́ọ̀gì, lọ́la wọ́n ra kọ́ìlì, ní ọ̀túnla wọ́n ra pọ́ọ̀ǹpù bẹntiróò. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ní olè ni mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á ní ayédèrú ni ọlọ́jà tà. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ọ̀rẹ́ mi, ohun mẹ́ta ni sílíńdà ń fẹ́. Ó ń fẹ́ iná láti ara púlọ́ọ̀gì. Ó ń fẹ́ bẹntiróò àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n pò pọ̀ ní ìwọ̀n. Ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnì fi ń fún àpòpọ̀ náà. Ìwádìí ni yóò sọ èyí tó sọnù. Jẹ́ kí a fi Camry 2003 onísílíńdà mẹ́rin, èyí tí a ń pè ní Big Daddy, ṣe àpẹẹrẹ.

1. Wo iná "check engine". Bí ó bá dúró sójú kan, wá àkókò láìpẹ́ láti yẹ ọkọ̀ wò. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, rọra dín eré kù, má tẹná mọ́ ọkọ̀ náà mọ́, kí o sì kúrò lọ́nà. Bẹntiróò tí kò jó nínú sílíńdà ń lọ jó nínú catalyst tó wà ní ọ̀nà sàlẹ́ńsà, ó sì lè bà á jẹ́. Owó catalyst ju owó púlọ́ọ̀gì lọ fíìfíì.

2. Ka kóòdù rẹ̀. Láti 1996 ni àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò tí a ń ki ẹ̀rọ sìkánà bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. P0301 ń tọ́ka sí sílíńdà kìíní, P0303 sí ìkẹta. P0300 ń sọ pé kò dúró sí sílíńdà kan ṣoṣo. Ṣàkíyèsí pé kóòdù náà kò dárúkọ páàtì kankan! Ó sọ ilé tí àrùn wà, kò sọ àrùn náà.

3. Pààrọ̀ ipò kí o tó ra tuntun. Ká ní P0303 ló jáde. Pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó tutù. Fi sípánà nọ́ńbà 10 tú kọ́ìlì ti ìkẹta, gbé e sórí ìkejì, kí o gbé ti ìkejì sórí ìkẹta. Pa kóòdù rẹ́, wa ọkọ̀ díẹ̀, tún un kà. Bí ó bá di P0302, kọ́ìlì ni. Ẹyọ kan péré ni o máa rà. Bí ó bá ṣì jẹ́ P0303, fi púlọ́ọ̀gì ṣe bákan náà. Bí o bá rí ọ́ìlì nínú ihò púlọ́ọ̀gì, rọ́bà tó ń dí ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Bí o kò bá ṣe é, kọ́ìlì tuntun náà lè bàjẹ́. Má fa kọ́ìlì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o! Iná ibẹ̀ lè ju 20,000 fólìtì lọ.

4. Bí kò bá kúrò ní ìkẹta, yẹ ínjẹ́ntọ̀ wò, kí o sì wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n. Bí ti ìkẹta bá kéré sí ti àwọn yòókù gan-an, da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí o tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríìngì písítìnì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Kò sí púlọ́ọ̀gì tó lè wo ìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ P0300, wá ohun tí gbogbo sílíńdà jọ ń lò: rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya, pọ́ọ̀ǹpù tó ti rẹ̀, tàbí bẹntiróò tí kò dára. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA kéde pé methanol tó kọjá ìwọ̀n wà nínú bẹntiróò kan tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá ra irú bẹntiróò bẹ́ẹ̀ lè pààrọ̀ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lásán.

Olùfẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. A ń sọ fún mẹkáníìkì pé, "Kí ni o ṣe? O kàn wò ó ni." Nítorí náà, ó kọ́ láti máa dárúkọ páàtì, torí páàtì nìkan ni a ń sanwó fún. Ẹni tí kò bá sanwó àyẹ̀wò yóò san án nídìí páàtì, yóò sì san án ní ìlọ́po.

OHUN ṢÍṢE: Nígbà tí o bá tún dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rẹ, fi ọ̀wọ̀ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Sílíńdà wo ni? Àyẹ̀wò wo ló fi í hàn? Ṣé mo lè rí páàtì àtijọ́ náà? Bí ó bá dáhùn dáadáa, san owó ọgbọ́n rẹ̀ fún un pẹ̀lú ayọ̀.