Ẹ Má Jẹ́ Kí Máàkì Kọ̀ǹpútà Ba Ọmọ Yín Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi l'Amẹ́ríkà, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń fi àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọdé kọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè máa fi máàkì sọ ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tí yóò ya ìpáǹle. Wọ́n ní kí ìrànlọ́wọ́ lè tètè dé ni, èrò náà sì dáa. Ohun tí ẹ̀rọ ọ̀hún ń kà ló ń bà mí lẹ́rù.

Ohun tí tísà bá rí, tó sì kọ sílẹ̀, ló ń kà. Ní 2016, onímọ̀ nípa ọmọdé, Walter Gilliam, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní kí àwọn tísà wo fídíò ọmọ mẹ́rin, dúdú àti funfun, akọ àti abo, kí wọ́n máa ṣọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìjàngbọ̀n. Kò sí èyí tó ṣe nǹkan kan nínú wọn. Síbẹ̀, ọmọkùnrin dúdú ni ojú àwọn tísà ń bá lọ jù. Nínú àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fún 2013 sí 2014, 19 nínú 100 ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba ló jẹ́ dúdú; nínú 100 tí wọ́n dá dúró nílé fún ìwà wọn, 47 ni. Irú ìwé yìí ni ẹ̀rọ yóò kà, tí yóò gbà gbọ́.

Ká tiẹ̀ ní ìwé náà mọ́. Ká ní 50 nínú ọmọ 1,000 ló máa ní ìṣòro, kí ẹ̀rọ sì máa gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Yóò mú 45 nínú 50 náà, yóò sì mú 95 mọ́ wọn nínú àwọn yòókù tí kò ní ìṣòro kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ó lè jẹ́ etí ló ń dùn ún tí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá pè yín pé kọ̀ǹpútà sọ báyìí, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì tètè fọwọ́ síwèé. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ̀rọ kà, ẹni tó máa rí máàkì náà, àti ìgbà tí wọ́n máa pa á rẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbowó ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin FERPA ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọmọ yín hàn yín láàárín ọjọ́ 45, ẹ sì lè ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà.

Bí ara bá sì ń fu yín nípa ọmọ náà, ẹ má tìtorí ìtìjú bò ó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, kí wọ́n yẹ etí, ojú àti oorun rẹ̀ wò, kí ẹ sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ wá ẹni tó mọ̀ nípa ọmọdé, tí yóò jókòó tì í fún ọjọ́ bíi mélòó kan.