Kí Ló Ń Wú Abẹ́ Ojú Wa?

Ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, abẹ́ ojú ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú, ti àwọn mìíràn sì máa ń wú. Kí ẹ tó ra ìpara ní Gáréèjì Ìkòròdú, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó fà á.

1. Oorun. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ Máìlì 12 lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú kó tó délé, oorun rẹ̀ kò lè tó. Ẹ tètè sùn lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Iyọ̀ púpọ̀ nínú oúnjẹ alẹ́ náà máa ń wú ojú.

2. Ojú yíyún. Bí eruku bá ń mú yín ra ojú ní gbogbo ìgbà, abẹ́ rẹ̀ yóò dúdú. Sunnah ni lílé tìróò, ṣùgbọ́n òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú púpọ̀ tí wọ́n ń tà. Ẹ má lé e fún ọmọdé.

3. Àjogúnbá. Bí ti bàbá tàbí ìyá bá rí bẹ́ẹ̀, tí nǹkan mìíràn kò ṣe yín, kì í ṣe àìsàn.

4. Kíndìnrín. Eléyìí kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí ojú ọmọ bá ń wú láràárọ̀, tí ẹsẹ̀ tàbí ikùn rẹ̀ tún wú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, kì í ṣe oògùn ojú ló nílò. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àgbàlagbà. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pẹ̀lú. Ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì lè ba kíndìnrín jẹ́, kí ojú tí a fẹ́ kó mọ́ sì wá máa wú.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.