Ẹ̀rọ Amúnáwá àti Èéfín tí Imú Kò Gbọ́

Ibi kíkà: Deuteronomi 22:8

Ẹ̀yin ará, òfin tí a kà yìí pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wá sórí ilé náà. Ẹ kíyèsí i pé onílé ni a bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó ṣubú. Òrùlé ilé wa ní Nyanya kì í ṣe ibi ìjókòó, ṣùgbọ́n a ní ohun mìíràn tí ó ń fẹ́ odi. Jẹnẹrétọ̀ ni.

Àgọ́ àwọn lébìrà tí ń kọ́ Àbújá ni Nyanya jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣí kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ilé há mọ́ ilé. Fèrèsé ẹnìkan kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Bí iná bá lọ lálẹ́, olúkúlùkù a fa okùn ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní Ìlú Ọba, Michael Faraday, tí ó kọ́ iṣẹ́ dídi ìwé, ni ó rí i ní ọdún 1831 pé bí wáyà bàbà àti òòfà bá ń yí lára ara wọn, iná mànàmáná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. (Kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ pé alàgbà ìjọ ni ọkùnrin yìí.) Nítorí náà yíyí ni ó ń mú iná wá; iṣẹ́ epo ni kí ó máa yí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n epo tí ó ń jó nínú ẹ́ńjìnì kì í jó tán pátápátá, a sì máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èéfín dúdú tí a ń fi ọwọ́ lé kọ́ ni olórí ọ̀tá. Èédú tí a ń gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́ ń tú u jáde pẹ̀lú.

Bí a bá mí i sínú, a lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn kiri ara, agbára tí ó sì fi ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀. Ó dàbí bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Wuse ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ ti jókòó kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, òṣìṣẹ́ kò rí àyè wọ̀. Bí a tilẹ̀ bọ́ síta, a tó wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára.

Oníṣègùn ará Scotland kan, John Scott Haldane, mọ̀ọ́mọ̀ mí i sínú ní àwọn ọdún 1890 láti mọ ohun tí ń pa àwọn awakùsà èédú. Òun ni ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa gbé ẹranko tàbí ẹyẹ kékeré wọ inú kòtò, nítorí ìwọ̀nyí yóò ṣubú kí ènìyàn tó ṣubú.

Ní ilé tiwa a kò ní ẹyẹ. Ní òru òjò kan, a gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, a sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn díẹ̀. A rò pé ó tó. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Òòyì ń kọ́ ìyàwó mi. Ọmọ ìyá aláta tí ó wà ní yàrá kejì ń bì. Ibà ni gbogbo wa pè é, bí ẹni pé ibà a máa kọlu odindi ilé ní wákàtí kan náà! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣọ́ ọ́fíìsì lóru ni ó wọlé ní agogo méjì, tí ó kígbe pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á! Ẹ jáde síta!” Mo kọ́kọ́ bínú sí i, nítorí ọmọdé ni. Ìta ni ojú mi ti là. Ilé ìwòsàn ni a gbé ọmọ náà lọ, tí wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí ó bá ṣe pé a kò jí ni, wọn ìbá ti máa wá aṣebi lọ sí abúlé wa, nígbà tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ aláta kò sì ní ìpín nínú ẹ̀rọ náà, tèmi ni.

Àwọn onímọ̀ ní ìta gbangba ni kí ó wà, kí ó fi ogún ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó. Níbo ni ogún ẹsẹ̀ bàtà wà ní àgbàlá Nyanya? Èmi náà béèrè. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni a ní tẹ́lẹ̀. A dáwó, a fi ọ̀kan ṣoṣo sí abẹ́ páànù lẹ́bàá ọgbà ẹ̀yìn, a fi ṣéènì dè é, a sì ń pa á kí a tó sùn. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn kan nínú wa ti ra sólà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní èéfín.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí a tó pín sí kíláàsì, mo bẹ ọkùnrin mẹ́rin tí ó lágbára kí wọ́n pàdé mi lẹ́yìn ilé ìsìn. Mo ti wọn ibi tí jẹnẹrétọ̀ ìjọ wa wà sí fèrèsé kíláàsì àwọn ọmọdé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni.