Àpótí Fúùsì Tí Omi Wọ̀: Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe Kí Ẹ Tó Tan Iná

Bí omi ti ń fà, tí ẹ sì ń múra àtipadà sílé, à ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì tan iná.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé kékeré, àpótí fúùsì àtijọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú fúùsì kọ̀ọ̀kan. Bí iná tó ń kọjá bá pọ̀ jù, wáyà yìí á yọ́, iná á sì gé. Ẹni tó bá fi wáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀ nítorí pé fúùsì ń já jù ti lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà: wáyà inú ògiri ni yóò máa gbóná.

Bí omi bá ti wọ àpótí náà, ẹ má ṣe sá a sóòrùn kí ẹ tún máa lò ó. Omi lè gbẹ, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó fi sílẹ̀ lè gbé iná kọjá, irin inú rẹ̀ á sì dípẹtà. Ibi tó bá dípẹtà máa ń gbóná. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, àti gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi wọ̀.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀:

1. Ẹ má fọwọ́ kan àpótí náà. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ mànàmáná, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní NEPA, kí wọ́n gé iná láti orí òpó.

2. Ẹ má so jẹnẹrétọ̀ mọ́ wáyà ilé. Iná rẹ̀ lè gba orí wáyà jáde, kí ó pa òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó.

3. Oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA ni kí ẹ pè.

Ohun tí ẹ ó ní kí ó ṣe:

1. Kí ó fi ẹ̀rọ yẹ gbogbo wáyà inú ògiri wò kí ó tó so àpótí tuntun mọ́ ọn.

2. Kí bíréékà bá wáyà mu. Fún wáyà 1.5mm ti gílóòbù, 10A ni a sábà ń lò, fún 2.5mm ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 20A. Bíréékà tó tóbi ju wáyà lọ kò yàtọ̀ sí wáyà tó nípọn nínú fúùsì.

3. Kí ó fi bíréékà tó ń yára gé iná sí i, èyí tí a kọ 30mA sí lára, nítorí pé ó ń gé iná bí iná bá gbé ènìyàn.

4. Kí ó rí i pé wáyà tí a rì mọ́lẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

5. Kí ó kan àpótí náà sókè ju ibi tí àmì omi dé lára ògiri.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ fi tó onílé létí. Ní ilé oníyàrá púpọ̀, ẹ jọ ṣe é ni, nítorí wáyà tó bàjẹ́ nínú yàrá kan lè jó gbogbo ilé.

Bí owó kò bá tíì tó, ẹ jẹ́ kí iná wà ní pípa, kí ẹ máa lo tọ́ọ̀ṣì. A mọ̀ pé òkùnkùn kò rọrùn lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú yín ti rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi kò gbé lọ, kò yẹ kí iná pa á. Bí ẹ kò bá mọ oníṣẹ́ iná tó ṣeé fọkàn tán, ẹ bá òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ tó wà ní ìjọ yín sọ̀rọ̀.