Náómì Di Alágbàtọ́

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Rúùtù 4:13-17

Ìròyìn ayọ̀ ti dé láti ìlú òyìnbó: ọmọ yín ti bímọ! Físà ti jáde, wọ́n ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ti wà nínú báàgì. Ẹ bá wa yin Olúwa! Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bímọ ló ń fojú rí ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ bàálù, Màmá, ẹ jẹ́ kí a jọ wo obìnrin kan tó gbé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Náómì sin ọkọ, ó sì sin ọmọkùnrin méjì sí ilẹ̀ Móábù. Nígbà tó padà sílé, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, Márà ni kí wọ́n máa pe òun, nítorí ayé òun ti korò. Lẹ́yìn èyí ni Rúùtù, opó tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀, fẹ́ Bóásì, ó sì bí Óbẹ́dì. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ti rí, kò sí ẹ̀jẹ̀ Náómì lára ọmọ yẹn. Síbẹ̀ àwọn obìnrin àdúgbò ń bá a yọ̀ pé òun ló bímọ, àwọn náà ló sì sọ ọmọ lórúkọ. Ẹlòmíràn nínú wa ì bá ti torí èyí gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyàwó! Náómì gbé ọmọ náà sí àyà rẹ̀, ó sì di alágbàtọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí Bíbélì sọ pé ó ṣe nìyẹn. Kò sọ pé ó di ọ̀gá lé Rúùtù lórí.

Ìyá kan lọ bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù 5 ni wọ́n jọ ṣètò, ṣùgbọ́n ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Màmá fẹ́ fún ọmọ ní omi àti àgbo. Ìyàwó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà." Màmá dáhùn pé, "Ṣé nọ́ọ̀sì ló tọ́ ọkọ rẹ dàgbà?" Ó tún fẹ́ kí ọmọ máa dojúdé sùn, bó bá ti kúrò nínú yàrá, ìyàwó á yí ọmọ padà. Ọkọ á ti ibi iṣẹ́ òru dé, á bá obìnrin méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Màmá ní kí wọ́n yí tíkẹ́ẹ̀tì òun padà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé, "Ọmọ ni mo lọ gbé, ìbínú ni mo gbé bọ̀."

Ẹ̀yin ìyá, ìyàwó yẹn kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn abiyamọ ní ọsibítù wa níbí: ọmú nìkan fún oṣù 6, kí ọmọ sì máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ìmọ̀ tó wà nígbà tiwa ni a lò. Kò sí àbùkù nínú kí àgbà béèrè pé, "Ìyàwó mi, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é níbí?" Iṣẹ́ ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò ní bá yín du: ẹ dáná, ẹ fọ aṣọ ìkókó, ẹ gba ọmọ kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun wákàtí méjì sùn. Ẹ máa kì í ní oríkì, ẹ máa sọ Yorùbá sí i, ẹ máa gbàdúrà lé e lórí. Gíríìkì ni bàbá Tímótì, síbẹ̀ nígbà tí Pọ́ọ̀lù rántí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Lóìsì, ìyá àgbà rẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀ (2 Tímótì 1:5).

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 6 ni wọ́n sábà ń gba àlejò láyè láti lò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má purọ́ ní ẹ́ńbásì, ẹ má sì jókòó kọjá ọjọ́ nítorí pé ọmọ ń sunkún. Bàbá tí ẹ fi sílé náà ńkọ́? Kí ẹ̀yin méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tó ránṣẹ́ pe ìyá, ẹ má ti Màmá mọ́lé láti àárọ̀ di alẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń tan hítà hàn wọ́n, ẹ mú wọn lọ sí ìsìn, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó pẹ́ kí Màmá tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ yẹn tó gbà láti tẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀ láago. Ó ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Lọ́jọ́ tó wá pè é, tó ní, "Ìyàwó mi, má bínú," ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. "Ẹ máa bọ̀ Mà," ló wí, "ọmọ ti ń rìn."

KÓKÓ ÀDÚRÀ: Bàbá, ẹnikẹ́ni tí mo ti fi ẹnu mi lé jìnnà nínú ilé ọmọ mi, fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti pè é lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.